Ìjà Lórí Ìgò Omi Kànga Kan

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu ọmọbìnrin kan àti ọkùnrin tó gbé ìgò omi kànga lé ẹsẹ̀.

"Bọ̀dá, mo kán ásíìdì sí omi yìí létí kànga títí àwọ̀ rẹ̀ fi yí padà. Báíkábónéètì, èròjà inú omi tí à ń wá, tí mo rí ju ti ẹ̀rọ yín ní láàbù lọ."

"Ẹ̀rọ kì í ṣe ojúsàájú. Ìwọ lo ṣì í kán. Bí mo ṣe máa sọ fún ọ̀gá wa ní Oǹdó nìyẹn."

"Ọ̀gá ti ní bí mo bá tún ṣe àṣìṣe, kí n máa lọ sílé! Ẹ ò bu omi náà kún dé ẹnu ìgò, ẹ tún gbé e sínú oòrùn, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ sì sá jáde. Ẹ wo funfun tó sùn sísàlẹ̀, bí èyí tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí kẹ́tùrù. Ohun tí à ń wá ti di ẹfun. Ẹ̀rọ yín ò purọ́. Omi tó kù ló wọ̀n."

Omi tó kù ló wọ̀n. Gbogbo àwa èrò ọkọ̀ yọjú wo ìdí ìgò náà.

Ọkùnrin náà mi ìgò náà. Funfun náà gbéra, ó tún rọra sùn.

"Ẹ máa mì í lọ," ọmọbìnrin náà wí. "Tí a bá dé Oǹdó, ẹ̀yin lẹ máa fi funfun náà han ọ̀gá."