Kámẹ́rà Tó Ń Dúró De Eyín

Nínú mọ́tò tí a wọ̀ láti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu obìnrin ayafọ́tò kan àti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́.

"Ọ̀gá, kámẹ́rà tuntun yìí kì í ya èèyàn, àfi tó bá rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín."

"Ṣé ẹ̀rín wá ṣòro fún màmá tí à ń lọ yà ní Oǹdó, tó pé ọgọ́rin ọdún lónìí ni?"

"Lánàá tí mo lọ dán an wò lọ́dọ̀ wọn, màmá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Kò yà! Ẹ̀rín tí kò bá léyín nínú, kámẹ́rà yìí ò kà á sí ẹ̀rín."

Mo rọra tún gbólóhùn yẹn sọ sínú.

"Pa ibi tó ti ń wá ẹ̀rín yẹn."

"Kò ṣeé pa, sà. Bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn."

"Dá a padà fún àwọn tó tà á!"

"Háà! Kámẹ́rà tó ń mú ara èèyàn dán báyìí? Ṣùgbọ́n fọ́tò òní ni àwọn ọmọ màmá fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀ o."

Ayafọ́tò náà yíjú sí èmi ìyá arúgbó tó jókòó tì wọ́n. "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rẹ́rìn-ín ká fi dán an wò."

Mo ti ń rín in tẹ́lẹ̀. Eyín méjì péré ló kù lẹ́nu mi. Mo lanu, kámẹ́rà dún kẹ́ṣẹ́! Gbogbo mọ́tò hó yèè.

Ọ̀gá pàtẹ́wọ́. "Eyín méjì ti tó! Mélòó ni màmá Oǹdó ní?"

"Ọ̀kan, sà. Ẹ̀yìn pátápátá ló wà."

"A jẹ́ pé a óò pa wọ́n lẹ́rìn-ín gan-an nìyẹn!"