Àmì Pupa Tí Mo Fi Lé Bàbá Aláago

Ẹ̀yin èèyàn mi, ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà lọ́kàn mi. Ǹ bá má sọ ọ́, àmọ́ Bàbá Aláago ránṣẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Sáìnbọ́ọ̀dù ni mo máa ń kọ ní títì Ìbà. Kò sí ṣọ́ọ̀bù tí mi ò kùn níbẹ̀. Ẹni tó ń gẹrun lọ́dún yìí á di onífídíò lọ́dún tó ń bọ̀. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ ládùúgbò, gbogbo wọn di oní-fótókópì, títí kan ìyá tó ń ta kẹrosíìnì. Àgùntàn tó ń tẹ̀ lé ara wọn lásán ni wọ́n. Mò ń bá wọn kọ orúkọ tuntun, mo sì ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín.

Bàbá Aláago nìkan ni kò yí padà. Aago ló ń tún ṣe láti ìgbà tí títì náà ṣì jẹ́ iyanrìn. Ṣọ́ọ̀kì ló fi kọ AAGO sára ilẹ̀kùn, ó wọ́ bí ìrù ajá. Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín tún un kọ."

Ó ní, "Ẹni tí aago rẹ̀ bá bàjẹ́ á rí mi. Iṣẹ́ tìẹ kò wúlò fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi tán. Ìjọba ológun ń wó ṣọ́ọ̀bù káàkiri nígbà náà. Bí èèyàn bá ti rí X pupa tí àwọn òṣìṣẹ́ káńsù fi ń sàmì sí ibi tí wọ́n máa wó lára ilẹ̀kùn rẹ̀, ẹrù ló ń dì, kì í béèrè. Lọ́jọ́ Sunday kan tí gbogbo ará títì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì, mo fa X sára ilẹ̀kùn Bàbá, mo kọ "ọjọ́ méje" sábẹ́ rẹ̀. Mo tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ játijàti bíi ti àwọn òṣìṣẹ́ káńsù.

Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó kó lọ sí Ìjanikin. Èmi aláìnítìjú yìí ni mo bá a di ẹrù. Kò pẹ́ tí oníkásẹ́ẹ̀tì kan gba ṣọ́ọ̀bù náà, èmi náà ni mo kun X yẹn pa.

Nígbà tí mo dé Ìjanikin lọ́sẹ̀ tó kọjá, kò sí aago kan ṣoṣo lórí tábìlì rẹ̀. Ó ní àwọn oníbàárà òun ò mọ ibi tí òun wọlé sí. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ìwọ nìkan lo ràn mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi. Òótọ́ lo sọ. Wá bá mi kọ sáìnbọ́ọ̀dù."

Àwọn tí mò ń pè ní àgùntàn ò lé ẹnikẹ́ni kúrò nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Èmi ni mo ṣe é. Sátidé ni mo dá fún Bàbá, ọ̀dà ti wà nílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dákun, kí ni kí n kọ síbẹ̀?