Aràn Tó Wà Lápò Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ jókòó. Dókítà ti sọ tẹnu rẹ̀ tán, ó wá ku tèmi. Ohun tí mo gbé mì láti ọjọ́ pípẹ́, mi ò fẹ́ gbé e wọ sàréè.

Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìgò ni mo fi tọ́ yín. Nílé ìwádìí ẹranko òkun, èmi ni mò ń kó wọn sínú ọtí líle kí wọ́n má baà jẹrà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè mí ní Màmá Onígò. Ojú Àṣá ni a ń pe ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́, òun ló ń pọ̀n yín nígbà tí ẹ wà ní kékeré. Ojú rẹ̀ mú ju tèmi lọ. Inú mi ń dùn sí i, àbí kí n ní mò ń díbọ́n pé ó ń dùn.

Lọ́jọ́ kan, ó tẹjú mọ́ aràn òkun onírun kan nínú abọ́ omi iyọ̀, ẹranko tí awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́. Ó pariwo pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá wò ó! Aràn kékeré kan ń gbé nínú aràn yìí, ó ń jẹ ẹ́ lára!” Mo bojú wò ó, òótọ́ ni. Mo ní, “Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló wà.” A jọ rẹ́rìn-ín, ó sì sáré lọ pe ọ̀gá.

Kí wọ́n tó dé, mo ti da ọtí sí aràn ńlá náà bí mo ṣe máa ń ṣe, ni kékeré bá yọ jáde lára rẹ̀. Mo fi í sínú ìgò kótópó kan, mo sọ ọ́ sápò. Ẹ gbà mí gbọ́, mo fẹ́ fi í fún Ojú Àṣá ni. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ́nà, tó ń ròyìn fún ọ̀gá tayọ̀tayọ̀, mo tì í wọ ìsàlẹ̀ àpò. Láti ìgbà tí mo ti ń fọ ìgò níbẹ̀, ta ló sọ rí pé èmi rí nǹkan? Ìlara ni, ẹ má wá orúkọ mìíràn fún un.

Ọ̀gá la aràn ńlá náà, kò bá nǹkan kan nínú rẹ̀. Ó ní, “Aràn nínú aràn! Àlá lo lá. Èyí tó o sọ lóṣù tó kọjá náà, a ò rí i. Òpùrọ́ ò lè bá mi ṣiṣẹ́.”

Ojú Àṣá yíjú sí mi. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣáà rí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn.”

Ọwọ́ mi wà lápò, ìgò náà wà lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Mi ò rí nǹkan kan.” Ìkà ni mí.

Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó ká a, ó lọ. Ilé ìwádìí yòówù kó lọ, orúkọ òpùrọ́ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Aṣọ ló padà ń rán.

Lánàá ó wá kí mi, ẹ̀yin lẹ ṣílẹ̀kùn fún un. Mo gbé ìgò lé e lọ́wọ́, mo jẹ́wọ́, mo ní kó foríjì mí. Ó gbé e sókè lójú fèrèsé, ó wò ó títí.

“Kò bàjẹ́ rárá. Ẹ ń pààrọ̀ ọtí ẹ̀ ni?”

Mo ní, “Lọ́dọọdún.”

Ó ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ẹ tọ́jú aràn jù mí lọ.”

Kò tíì sọ bóyá ó dárí jì mí. Bí ìlara bá yọjú sí yín, ẹ sọ òótọ́ nígbà tí ẹni tó ni òótọ́ ọ̀hún ṣì ń wò yín lójú. Ẹ bá mi lọ bẹ̀ ẹ́. Kí ẹ sì tẹ̀ lé e gbé ìgò náà dé ilé ìwádìí, kí ẹ sọ fún wọn pé Màmá Onígò ni òpùrọ́ tó yẹ kí wọ́n lé.