Erùpẹ̀ Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ẹ̀rọ Omi

Àlàáfíà Ọlọ́hun kí ó bá wa gbé, ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí ẹní níwájú, àti ẹ̀yin tí ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà tí ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ kò gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rí jíjẹ́ ni mo gbé wá lónìí. Ọ̀ranyàn ni. Ẹni tó mọ òtítọ́ tó gbé e mì ti ran irọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ni mò ń bá wí gan-an, torí pé ahọ́n ni fóònù ọwọ́ yín. Ọlọ́hun yóò bi yín léèrè ohun tí ẹ fi sọ.

Abúlé kan wà tí wọ́n ń pè ní Ìdí-Ẹ̀mì. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti mú, odò wọn á gbẹ, kànga wọn á di ẹrẹ̀. Mudaṣírù, ọmọ abúlé náà, jáde yunifásítì, kò ríṣẹ́, ṣùgbọ́n bó bá ya fídíò, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ló ń wò ó. Ta ló wá a lọ? Ọnárébù Líádì, olóṣèlú àdúgbò wọn.

Ọnárébù gbé ẹ̀rọ omi kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí, àgbá ńlá lókè, ẹnu ẹ̀rọ nísàlẹ̀. Ṣé wọ́n gbẹ́ ilẹ̀? Rárá o! Ọkọ̀ ni wọ́n fi gbé omi wá kún àgbá láàárọ̀ ọjọ́ ìṣíde. Mudaṣírù sì rí ọkọ̀ náà.

"Ọnárébù, omi yìí ò ní pẹ́ tán o."

"Àbúrò mi, ṣé mo ní kí o mu ún tán ni? Ya fídíò ẹ. Iṣẹ́ ẹ ti wà ní káńsù."

Ó yà á. Omi ń tú yàà, àwọn ìyá ń jó. Rédíò gbé e, fóònù gbé e. Kò pẹ́, omi tán. Àwọn aláàánú kan tí wọ́n ti fẹ́ wá gbẹ́ kànga gidi fún Ìdí-Ẹ̀mì rí fídíò náà, wọ́n ní, "Alihamudulilaahi, àwọn yìí ti lómi," wọ́n sì kọjú síbòmíràn. Ẹ̀yin èèyàn mi, ta ló jí omi yẹn? Ṣé Ọnárébù nìkan ni?

Ẹ má tíì dá Mudaṣírù nìkan lẹ́bi. Àwa àgbà ńkọ́? Nílé, a ní ọmọdé kì í sọ̀rọ̀ níbi tí àgbà wà. Nílé ìwé, tíṣà ní kí ó da ohun tó wà lójú pátákó kọ, kí ó má bèèrè. Ọmọ tí a ti kọ́ ní dídákẹ́ ni olóṣèlú rí, ló bá wọ ẹ̀wù tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí fún un. Àwa ni télọ̀ tó rán ẹ̀wù náà!

Ìbò kù sí dẹ̀dẹ̀. Ọnárébù ní Ìdí-Ẹ̀mì lòun ó ti kírun Jímọ̀, kí Mudaṣírù máa yà á, kí ayé máa wò ó lórí fóònù bó ṣe ń lọ lọ́wọ́. Sáádátù, ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọdé nílé kéwú, tọ Lèmọ́mù àgbà lọ.

"Baba, odò ti gbẹ. Omi tó kù nílé ò tó àwọn ọmọ mu. Kí la fẹ́ fi ṣe àlùwàlá?"

"Tayamọ́mù ni, ọmọ mi. Ẹ fi erùpẹ̀ tó mọ́ pa ojú àti ọwọ́."

"Ṣé ibi tó wù wá la lè ti ṣe é?"

Lèmọ́mù wò ó, ó rẹ́rìn-ín. "Ibikíbi tí ilẹ̀ bá ti mọ́."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Ọnárébù sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò pẹ̀lú agbádá funfun. Kí ló rí? Àwọn ọ̀dọ́ àtàwọn ìyá wọn ló yí ẹ̀rọ omi ká, ọkùnrin lápá kan, obìnrin lápá kejì, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ kan ilẹ̀, wọ́n ń fi pa ojú.

"Kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ẹ̀rọ rèé!"

Sáádátù kúnlẹ̀. "Ẹ kú ìrìn, Alàájì. Ẹ bá wa ṣí i."

Kò jẹ́ ṣí i. Ó yíjú sí Mudaṣírù. "Pa fóònù yẹn! Àbí o ò fẹ́ iṣẹ́ mọ́ ni?"

Ìyá Mudaṣírù wà láàárín àwọn obìnrin, erùpẹ̀ ṣì wà níwájú orí rẹ̀. Ọmọ náà wò ó, kò sì pa fóònù náà.

"Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń wò wá, ẹ̀rọ yìí ò lómi. Èmi ni mo parọ́ fún yín níjọ́sí. Mo rí ọkọ̀ tó gbómi wá."

Ladánì ti ń pe ìrun. Ọnárébù gbọ́dọ̀ kírun, ayé ń wò ó. Ó ní kí awakọ̀ gbé omi oníke wá nínú mọ́tò. Ó lóṣòó ti ẹ̀rọ tó kọ orúkọ ara rẹ̀ sí, ó ń fi omi rírà ṣe àlùwàlá láàárín àwọn tó fi erùpẹ̀ pa ojú. Ìyá àgbà kan ní, "Ẹ rọra o, Ọnárébù, ẹ má dà á nù. Omi wọ́n níbí!"

Iṣẹ́ káńsù bọ́ mọ́ Mudaṣírù lọ́wọ́. Àwọn aláàánú pè é: "Fídíò wo ni ká gbà gbọ́?" Ó ní, "Èkejì ni." Wọ́n wá, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀, omi sì dé. Ṣùgbọ́n bí wọn ò bá wá ńkọ́? Ṣé ẹ̀rí náà ì bá torí ìyẹn má jẹ́ ọ̀ranyàn mọ́?

Ẹ̀yin ọmọ wa, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ dákẹ́ lórí òtítọ́, ìbáà jẹ́ olóṣèlú, ìbáà jẹ́ tíṣà, ìbáà jẹ́ èmi tí mo dúró níwájú yín yìí, ẹ fi ọ̀wọ̀ kúnlẹ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ lórí ìkúnlẹ̀.

Ọlọ́hun, má jẹ̀ẹ́ kí a ta ahọ́n wa. Fi ẹsẹ̀ àwọn ọmọ wa lé ọ̀nà tó tọ́, kí o sì gba àwa àgbà lọ́wọ́ dídákẹ́ tí à ń pè ní sùúrù. Àmín.