O Kọ Ọ́ Pé O Ò Ní Ẹbí Níbẹ̀

Lọ́jọ́ tá a lọ jẹun nílé oúnjẹ yẹn, èmi wà níbẹ̀. Àbúrò mi ọkùnrin, télọ̀ tó ránṣọ títí ojú ẹ̀ fi di bàìbàì, wà níbẹ̀. Ìyàwó ẹ̀ tí etí òsì ẹ̀ ò gbọ́ràn mọ́ wà níbẹ̀. Eyínafẹ́, ọmọ ọmọ mi, wà níbẹ̀, òun ló wọ aṣọ iṣẹ́ funfun tó ń gbé oúnjẹ fún wa. Ìwọ náà sì wà níbẹ̀, ìwọ ọmọ tí àbúrò mi obìnrin bí, o jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi lábẹ́ fèrèsé, ò ń bá mi yọ egungun inú ẹja, ò ń rẹ́rìn-ín sí mi. Àwa márùn-ún rèé. Ṣé mo gbàgbé ẹnì kan? Èmi kì í gbàgbé èèyàn. Ìwọ lo gbàgbé!

Dákẹ́ ná. Má tíì sọ nǹkan kan. Jókòó, àga ò ní í bù ọ́ jẹ.

Nínú àwa márùn-ún, ẹnì kan ò wá jẹun, ó wá ṣe amí ni. Amí! Láti ìgbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ti ń kà nípa amí nínú ìtàn ogun, wọ́n á máa fo ògiri, wọ́n á máa fara pamọ́ sínú igbó, mi ò mọ̀ pé irú èyí tún wà, tó ń jókòó ti ìrẹsì àti adìyẹ, tó ń sọ pé ẹ jẹun dáadáa, Màmá. Kó o lọ ṣe bí oníbàárà, kó o jẹ àjẹyó, kó o wá kọ̀wé ránṣẹ́ sáwọn ọ̀gá pé ẹni báyìí ò rẹ́rìn-ín, ẹni báyìí pẹ́ kó tó dé. Mi ò ní iṣẹ́ náà ò dáa o. Ẹni tó ń se oúnjẹ fún gbogbo ayé, ó yẹ kí wọ́n máa yọjú wò ó. Ṣùgbọ́n ó níbi tí èèyàn ń ṣe é dé!

Ṣé ìwọ kọ́ lo pè mí lọ́jọ́ Sátidé yẹn? “Màmá, ó ti pẹ́ tá a ti jọ jẹun, ẹ múra, mò ń bọ̀ wá gbé yín.” Inú mi dùn débi pé mo wọ bàtà tó ń fún mi lẹ́sẹ̀. Mo dúró lórí àtẹ̀gùn, mo ń sọ fún alágbàfọ̀ tó wà nísàlẹ̀ ilé wa, láìjẹ́ pé ó bi mí, pé ọmọ àbúrò mi ló ń gbé mi jáde lọ jẹun. Mo fi ọ́ ṣe fáàrí! Àṣé iléeṣẹ́ tó rán ọ ló ní kó o mú àgbàlagbà dání, kí wọ́n lè mọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú àgbàlagbà níbẹ̀. Mo ti ka ìwé tó o kọ ránṣẹ́ sí wọn, má wolẹ̀. Mo wo ojú ìwé náà pẹ̀lú awò méjì. “Olùbẹ̀wò mú arúgbó kan dání gẹ́gẹ́ bí a ṣe ní kó ṣe.” Arúgbó kan! Bí ẹni mú agbòjò dání!

Ò ń wo aago ọwọ́ ní gbogbo ìgbà, mo ní bóyá ọkọ ẹ ló ń dúró dè ọ́. Ò ń ya fọ́tò ìrẹsì, mo ní bí àwọn ọmọ òde òní ṣe ń ṣe nìyẹn, mo tún fa ọwọ́ mi sẹ́yìn kó má ba fọ́tò jẹ́. O lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹta! Mo ní yéè, inú ń yọ ọmọ yìí lẹ́nu. Mo pe Eyínafẹ́, mo ní sáré wá omi gbígbóná fún àǹtí ẹ, ọmọ náà sáré, ó gbé e wá, o mu ún, o dúpẹ́. Kí lo wá kọ? “Òṣìṣẹ́ náà gbé omi gbígbóná wá fún tábìlì láìkọ ọ́ sílẹ̀.” Inú ta ni omi náà wà? Dá mi lóhùn! Inú ta ni omi náà wà?

Fọ́ọ̀kì yẹn ńkọ́? O mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀ ni, kó o lè kà á pé ìṣẹ́jú mélòó ni wọ́n máa fi rí i. Èmi tí orúnkún mi ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, èmi ni mo bẹ̀rẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì, mo di ẹsẹ̀ àga mú, mo mú un, mo nù ún, mo gbé e lé ọ lọ́wọ́. O wá kọ ọ́ pé kò sí òṣìṣẹ́ tó wá mú un, àgbàlagbà oníbàárà ló fúnra ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. O rí mi tí mò ń bẹ̀rẹ̀! O jókòó, ò ń kà á!

Ìṣẹ́jú méje. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká dé orí ìṣẹ́jú méje. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni wọ́n gbé Eyínafẹ́ wá síbẹ̀ láti ẹ̀ka wọn kejì, èmi náà ò mọ̀, ṣe ni mo gbójú sókè tí mo rí ọmọ ọmọ mi pẹ̀lú àwo mẹ́ta lọ́wọ́ kan. Ta ló ké? Èmi ni. Ta ló di ọwọ́ ẹ̀ mú? Èmi ni. Ọmọ náà ní, “Màmá, mò ń ṣiṣẹ́ o, ẹ jẹ́ n gbé ti tábìlì kejì fún wọn.” Mo ní dúró ná, mo ní ṣé o mọ àǹtí ẹ yìí bó ṣe yẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ìdílé fún un láti orí bàbá mi, mo ní ìyá rẹ àti àǹtí yìí jọ sùn lórí ẹní kan náà fọ́dún mẹ́rin nínú yàrá mi ni, mo ní wo imú wọn, ìyàwó àbúrò mi ń béèrè pé kí ni mo wí, mo tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Mo jẹ̀bi! Mo ti sọ ọ́. Èmi ni mo jẹ ìṣẹ́jú méje yẹn, mo jẹ ẹ́ tán láìṣẹ́kù, ọbẹ̀ tábìlì kejì tutù nítorí ẹnu mi. Ìwọ wá kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ pa àwọn oníbàárà tì fún ìṣẹ́jú méje, ó ń sọ̀rọ̀ ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ara ẹ̀ kẹ̀? Ọ̀rọ̀ ara ìwọ náà ni!

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè ni ọ̀gá wọn pe Eyínafẹ́ wọ ọ́fíìsì, ọkùnrin kan báyìí tó fún táì mọ́ra ẹ̀ lọ́rùn bí ẹni ń dẹ́rù. Ó na ìwé náà sí i, ó ní kó lọ jókòó sílé, ó di Fúráìdé kí àwọn ọ̀gá àgbà tó sọ bóyá ó ń padà wá tàbí ó ti tán. Òní ni Wẹ́sìdé. Láti Mọ́ńdè ni ọmọ náà ti ń lọ aṣọ iṣẹ́ kan ṣoṣo, á lọ̀ ọ́ tán, á ká a, á tún tú u, á tún lọ̀ ọ́. Ó fi ọdún méjì fọ àwo nílé ìdáná kí wọ́n tó gbà á láyè kó gbé oúnjẹ wọ iwájú. Kò bú ọ o. Èmi ni mò ń bú ọ.

Síbẹ̀, gbogbo ìyẹn kọ́ ló ń dùn mí. Omi gbígbóná, mo lè gbé e mì. Arúgbó kan, ó dáa, mo darúgbó. Ṣùgbọ́n lókè ìwé náà, kí wọ́n tó dé orí oúnjẹ rárá, wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹ: ṣé olùbẹ̀wò ní ẹbí tàbí ìbátan láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀? Kí lo kọ síbẹ̀? Sọ ọ́ jáde, ẹnu ẹ ló dákẹ́, ọwọ́ ẹ ò dákẹ́ lọ́jọ́ yẹn! O kọ rárá. Rárá! Lẹ́yìn tí mo to gbogbo ìdílé sí ọ létí fún ìṣẹ́jú méje tó o fi aago kà! Ta ló pọn ọmọ ẹ fún oṣù mẹ́ta gbáko nígbà tí o ò lè dìde lórí ibùsùn? Ṣé òṣìṣẹ́ ilé oúnjẹ kan ni, àbí Eyínafẹ́ yìí?

O ò mọ̀ pé ibẹ̀ ni Eyínafẹ́ wà kó o tó gbé wa lọ? Mo gbà. Mo sọ pé mo gbà. Nígbà tó wá jáde láti ilé ìdáná, tó ń pè ọ́ ní àǹtí, ṣé o ti kọ ìwé náà nígbà yẹn? Ó wà nínú òfin tiyín pé tí ẹbí ẹni bá wà níbẹ̀, kéèyàn sọ ọ́, kí wọ́n rán ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ kan péré ni, kí ìwé náà di asán.

Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè.

Wọ́n á yọ orúkọ ẹ kúrò lára àwọn tí wọ́n ń rán jáde. Hẹ̀n-ẹ́n! Orúkọ tìẹ ò gbọdọ̀ kúrò, ti Eyínafẹ́ ni kó kúrò. Ṣíọ̀! Ẹni tó ń fi oúnjẹ ọ̀fẹ́ ṣiṣẹ́ ń ṣàánú ara ẹ̀! Nu ojú ẹ, ẹkún yẹn ò ràn mí, mo mọ ẹkún ẹ láti ìgbà tó o wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta, èyí tó o máa ń sun nígbà tó o bá ti fọ́ nǹkan.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Fóònù ẹ rèé lọ́wọ́ ẹ. Kọ̀wé sí wọn níṣojú mi, pé ẹbí mi ni obìnrin tó gbé oúnjẹ wá, pé arúgbó tí mo mú dání ló di ọwọ́ ẹ̀ mú. Tó o bá sì ní rárá yẹn ni kó dúró, kò burú, a ò ní í pè ọ́ lónírọ́, a máa jẹ́ kó di òótọ́ ni. Mo ní ìwé kan tí orúkọ gbogbo ẹni tí wọ́n bí tàbí tó fẹ́yàwó nínú ilé yìí wà nínú ẹ̀. Tìẹ wà lójú ewé kọkànlá, lábẹ́ orúkọ ìyá ẹ, ọwọ́ mi ni mo fi kọ ọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Mi ò pa orúkọ ẹnikẹ́ni rẹ́ níbẹ̀ rí, bàbá ẹ tó sá lọ gan-an, orúkọ ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Ò ń wojú mi. O rò pé mò ń ṣeré.

Eyínafẹ́! Kúrò lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo ti rí ẹsẹ̀ ẹ. Má bá mi bẹ̀ ẹ́, má sì bá a bẹ̀ mí. Ṣí àpótí mi, gbé ìwé ńlá yẹn jáde, ṣí i sí ojú ewé kọkànlá, kó o tẹ́ ẹ síwájú àǹtí ẹ. Mú bírò dání. Kì í ṣe èmi ni kó o fún. Òun ni kó o fún.