Ẹ̀rọ Inú Àwòrán

Ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta àwo orin ní Tudun Wada ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu télọ̀ kan àti onífìlà ará Ìlọrin kan, níwájú àwòrán tí iléeṣẹ́ àwo lẹ̀ mọ́ ògiri. Onífìlà ló kọ́kọ́ béèrè:

"Ṣé ìwọ kọ́ nìyí, tó gbá giramafóònù mọ́ra, tó lanu sílẹ̀ bí ẹni tí wọ́n sà sí?"

"Èmi ni. Àwọn iléeṣẹ́ àwo ló ní kí n lanu. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀: 'Olólùfẹ́ wa tòótọ́.'"

"Ẹ̀rọ náà ńkọ́?"

"Wọ́n gbé e padà sínú ọkọ̀ wọn."

"Kí lo wá fi ń gbọ́ àwo tó ò ń rà?"

"Ara ògiri ni mo gbé wọn kọ́."

"Kai. Wọ́n gbé ẹ̀rọ lọ, wọ́n fi ìfẹ́ sílẹ̀ fún ẹ."

Télọ̀ ti ń bi ọlọ́jà bóyá àwo tuntun ti dé.