Àrokobọ́dúndé Létí Oko Àjàrà

Nínú bọ́ọ̀sì tó ń ti àdúgbò Barriera di Milano bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà tí a ṣì ń ná owó líírà ní Turin, nílẹ̀ Ítálì, àwọn ọkùnrin méjì kan jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n ń sọ Yorùbá bí ẹni pé àwọn nìkan ló gbọ́ ọ.

Èyí àbúrò ló ń fi èyí ẹ̀gbọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní ẹ tún gun kẹ̀kẹ́ lọ sábúlé lánàá. Ẹ̀yin Mùsùlùmí, kí lẹ ń wá lọ sóko ọlọ́tí?"

"Àjàrà ló wà lórí igi, kò tíì di ọtí. Ọ̀nà ibẹ̀ pa rọ́rọ́, ó ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀. Bàbá arúgbó kan máa ń gé ẹ̀ka àjàrà létí ọ̀nà. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí wọn, ẹnu mi ló ṣáájú mi: 'Àrokobọ́dúndé o!'"

"Fún òyìnbó?"

"Ṣé èèyàn lè kọjá lára àgbẹ̀ láì kí i ni? Wọ́n ṣí fìlà. Ní báyìí, tí wọ́n bá ti rí mi lókèèrè, wọ́n á ti ṣí i dè mí."

Àbúrò rẹ́rìn-ín. "Gbogbo ọ̀nà yẹn, torí àtikí ẹnì kan? Ẹ bá sinmi nílé jàre."

Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn:

"Bàbá mi nílé ṣì ń lọ sóko kòkó wọn, etí ọ̀nà ló wà. Èmi ò sì lè lọ sílé títí permesso mi, ìwé àṣẹ ìgbélùú, á fi jáde. Mo ń kí bàbá oníbàbá, kí ẹni tó bá ń kọjá lọ́hùn-ún lè máa bá mi kí tèmi."